Ìyẹ́ Agbe Lẹ́nu Ibodè Ìsálú

Ní ìlú Ìsálú, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe fáàrí. Níbòmíràn, ọkùnrin tó bá rí jájẹ a ra ẹṣin. Ní Ìsálú, bí o bá gun ẹṣin kọjá, wọn á bi ọ́ bóyá ẹsẹ̀ ló ń dùn ọ́. Ẹrù oníṣòwò ni wọ́n ń rù láti ìlú dé ìlú, wọ́n sì ní olórí kan tó máa ń ṣáájú wọn, Ọlọ́nà ni wọ́n ń pè é. Oyè yìí kò ṣeé fi ẹnu dídùn jẹ, kò ṣeé fi ọtí jẹ. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ yóò jáde ní ọjọ́ tí oṣù bá lé, yóò dá rìn dé etí odò Ọya, yóò bu omi odò náà sínú ató kékeré kan, yóò sì padà wọlé kí oṣù mìíràn tó lé.

Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, òun náà ló sì ń pa wọ́n: ohun tí o bá gbé jáde ni o gbọ́dọ̀ gbé wọlé. Oúnjẹ àti pákò nìkan ni wọ́n yọ̀ǹda kó tán lọ́nà. Ògúnṣeyè oníbodè ló ń ṣọ́ òfin náà. Igbá kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Bí arìnrìn-àjò bá ti ń fi ohun ìní rẹ̀ hàn án, yóò máa ju òkúta wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan sínú igbá náà. Bí onítọ̀hún bá dé, yóò máa yọ wọ́n. Bí òkúta kan ṣoṣo bá ṣẹ́ kù, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ìlú tó ń fi ẹrù olẹ́rù jẹun kò lè fi ẹni tó ń da ẹrù sójú ọ̀nà ṣe olórí. Kódà kò sẹ́ni tí yóò tún gbé ìdì ewé lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lórí láyé.

Nígbà tí Ọlọ́nà Ajéwọlé kú, ìṣòro dé bá ilé rẹ̀. Bí ilé olóògbé kò bá rí ẹni tí yóò rìn, tàbí tí ẹni tó rìn bá kùnà, oyè jáde nílé wọn nìyẹn, ilé tí ìlú kọ́ fún wọn lẹ́bàá ibodè náà sì lọ. Ajéwọlé kò ní ọmọkùnrin. Àwẹ̀ró nìkan ló bí, obìnrin tín-ín-rín tó ti ń ṣòwò àjàpá láti kékeré, tí ọkọ rẹ̀ kú, tó wá ń bá ìyá rẹ̀ gbé nínú ilé náà. Ó dìde nínú ìpàdé àwọn àgbà, ó ní òun yóò rìn.

Baálẹ̀ wò ó láti òkè délẹ̀. “Obìnrin?”

“Baálẹ̀, ẹ má bínú,” ni Àwẹ̀ró wí. “Ṣé irùngbọ̀n ni wọ́n fi ń rìn dé Ọya ni?”

Àwọn àgbà wo irùngbọ̀n ara wọn. Wọ́n ronú títí, wọn kò rí iṣẹ́ kankan tí irùngbọ̀n ń ṣe lójú ọ̀nà. Wọ́n gbà.

Ẹni tó ń bá a du oyè ni Ọláníhún, ọkùnrin tí ọrùn rẹ̀ tóbi bí ìdí òpó, tó lè gbé àpò iyọ̀ méjì lẹ́ẹ̀kan náà kó sì tún máa bá ọ sọ̀rọ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi di ẹrù. Bí òjò bá rọ̀ ńkọ́? Ó gbé agbòjò ewé. Bí ilẹ̀ bá le ńkọ́? Ó gbé ẹní méjì, ọ̀kan fún ẹ̀gbẹ́, ọ̀kan fún ẹ̀yìn. Ó gbé ìkòkò, ó gbé ọmọrí ìkòkò, ó gbé odó kékeré torí kò lè jẹ iyán inú odó ẹlòmíràn. Ó gbé agbádá méjì, bóyá odò Ọya yóò fẹ́ mọ irú ẹni tó wá kí òun. Ẹ̀rù ló ń ba ọkùnrin yìí. Ó sì sọ gbogbo ẹ̀rù rẹ̀ di ẹrù.

Ti Àwẹ̀ró yàtọ̀. Láàárọ̀, á gbé ohun kan lérí, á rù ú lọ oko, á rù ú bọ̀. Ohun tó bá rántí lójú ọ̀nà pé ó wà lórí òun, kò ní bá a lọ. Ohun tí kò bá ṣe ju iṣẹ́ kan lọ náà kò ní bá a lọ. Aṣọ kan ni yóò fi ro ìdí, òun náà ni yóò tẹ́ sùn, òun náà ni yóò fi bo orí bí òjò bá dé. Igbá kan ni yóò fi mu omi, tí yóò fi jẹun, tí yóò dé bí àkẹtẹ̀ nínú oòrùn, tí yóò sì dì mọ́ àyà bó bá ń wẹ odò kọjá. Ó yọ èèkù ọ̀bẹ, ó fi òwú wé ìdí irin rẹ̀. Ìyá rẹ̀ jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó. Ìgbà tó rí i tó ń gé pákò sí méjì ni kò lè mú un mọ́ra.

“Àwẹ̀ró, kí ni pákò ṣe ọ́?”

“Ìdajì rẹ̀ ni mo máa rún, ìyá mi. Ìdajì kejì, àlejò ni, yóò kàn máa gùn mí lọ máa gùn mí bọ̀ ni.”

“Wọn á ní mi ò rí nǹkan fún ọ.”

“Ẹ jẹ́ kí wọ́n wí i.”

Ọjọ́ ìjáde pé. Àṣà Ìsálú ni pé bí wọ́n bá ń sin ènìyàn sọ́nà, kí oníkálukú fi nǹkan kékeré lé e lọ́wọ́ lẹ́nu ibodè. Èébú gidi ni kí o kọ̀ ọ́. Ẹnì kan á mú òòyà wá, ẹnì kan á mú abẹ́rẹ́, ẹnì kan á mú àgbọn, gbogbo wọn ni yóò sì sọ gbólóhùn kan náà: “Kò tó nǹkan.” Ọláníhún kò lè bá ẹnikẹ́ni jà lọ́jọ́ tó ń wá oyè. Ó ń gbà, ó ń dúpẹ́, ó ń dì í mọ́ ẹrù. Ògúnṣeyè ń ju òkúta. Nígbà tó yá, ó fi igbá kékeré sílẹ̀, ó lọ gbé ńlá wá.

Àwẹ̀ró ní tirẹ̀ ń dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, ó ń kúnlẹ̀ bí obìnrin, ó ń bẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. “Ẹ fi ṣe àdúrà fún mi. Àdúrà ò wúwo.” Àwọn kan ṣe àdúrà náà, ojú wọn kò jọ ti ẹni tó fẹ́ kó gbà.

Ìyá rẹ̀ ló kẹ́yìn. Ìyẹ́ agbe kan ló mú dání, aláró dúdú tó ń dán, èyí tí Ajéwọlé fi sí fìlà lọ́jọ́ tí òun náà ń lọ sí Ọya.

“Gbà, kí o fi há irun. Ti bàbá rẹ ni.”

Àwẹ̀ró wo ìyẹ́ náà títí. “Ìyá mi, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀ sílé.”

“Ìyẹ́ ni, Àwẹ̀ró. Ìyẹ́ lásán. Kí ni ìwúwo ìyẹ́?”

“Bí mo bá gba ìyẹ́ lọ́wọ́ yín, kí ni màá wí fún ìyá tí mo ti dá àgbọn rẹ̀ padà ṣáájú yín?”

Ìyá àgbà náà yí padà tìbínú-tìbínú, ó lọ bá Ọláníhún, ó fi ìyẹ́ náà há fìlà rẹ̀. “Gbà á, ọmọ ẹni rere. Wọ́n kọ́ ọ nílé tìẹ.” Ògúnṣeyè ju òkúta kan sí i. “Mẹ́tàlélọ́gọ́ta,” ni ó wí. Ó yíjú sí Àwẹ̀ró: aṣọ, igbá, ọ̀bẹ, àpò àádùn, ató omi. “Márùn-ún.” Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ìyá Àwẹ̀ró kò rẹ́rìn-ín, kò sì wẹ̀yìn. Ó wọ inú ilé tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀, ó ti ilẹ̀kùn.

Kí ni ká sọ nípa ìrìn Àwẹ̀ró? Bí ènìyàn bá ń bọ̀ tó ní òun rìn dé Ọya pẹ̀lú ohun ìní márùn-ún, èmi náà á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò wúwo, ojú rẹ̀ ráyè. Ẹni tó ru ẹrù tó pọ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ ara rẹ̀ nìkan ló ń rí. Àwẹ̀ró rí bí ìkuukùu ṣe ń dìde nínú àfonífojì láàárọ̀ bí èéfín ilé tí ẹnikẹ́ni kò gbé. Ó rí agbo ẹfọ̀n tí wọ́n ń kọjá títí oòrùn fi yẹ̀ lórí, tí wọn kò tán. Ní ọjọ́ kẹtàlá, ó gun gegele kan, ó dé orí rẹ̀, ó sì jókòó láìmọ̀ pé òun jókòó. Ọya ló wà níwájú rẹ̀.

Ó bu omi, ó yí padà. Ní ogúnjọ́ tó ti kúrò nílé, ó dé Òkè Àjíwò, àpáta gìrìwò tó fi ọjọ́ mẹ́fà jìn sí Ìsálú. Àárín òkè náà ló ti bá Ọláníhún. Kì í ṣe pé ó ń bọ̀. Ó ṣì ń lọ.

Láti ilé ni ẹrù ti pọ̀ ju ohun tó lè rù lẹ́ẹ̀kan náà. Ó pín in sí méjì: á gbé ìdajì síwájú, á padà wá gbé ìdajì. Báyìí ni ọkùnrin tó lágbára jù ní Ìsálú ṣe ń rin ọ̀nà kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ogún ọjọ́ ló fi rin ìrìn ọjọ́ mẹ́fà. Ó jókòó sórí odó rẹ̀, ó ti ṣí fìlà, ó di nǹkan kan mú lọ́wọ́ méjèèjì bí ẹni di ọmọ tuntun mú.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrìn,” ni Àwẹ̀ró wí.

“Àwẹ̀ró. O ti dé ọ̀hún?”

“Mo ti dé ọ̀hún.”

Ọláníhún na ohun ọwọ́ rẹ̀ sí i. Ìyẹ́ agbe náà ni. “Láti ìdí òkè ni nǹkan kan ti ń tẹ̀ mí lórí. Mo sọ odó kalẹ̀, kò lọ. Mo sọ ẹní kalẹ̀, kò lọ. Mo sọ gbogbo ẹ̀ kalẹ̀, Àwẹ̀ró, ó ṣì wà níbẹ̀. Mo wá ṣí fìlà, ìyẹ́ yìí ni mo bá. Jọ̀ọ́, gbé e wò. Sọ fún mi bóyá mo ti ń ya wèrè.”

Ẹ̀rín ló yẹ kó pa Àwẹ̀ró. Kò rín. Ó wo ọkùnrin gìrìwò yìí lórí àpáta gìrìwò, omijé lójú nítorí ìyẹ́, ara rẹ̀ bù máṣọ. Ó kó ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. “Ẹ ò ya wèrè, ẹ̀gbọ́n. Bí mo bá fọwọ́ kàn án, èmi náà ò ní lè gbé e.” Ó jókòó tì í, ó bu àádùn fún un.

“Báwo ló ṣe rí?” ni Ọláníhún bi í nígbà tó yá. “Ọya yẹn.”

“Mo rò pé ojú ọ̀run ló já wálẹ̀, tó ń sùn. Àwọn ènìyàn wà lódì kejì, wọn ò ju èèrà lọ. Mo jókòó síbẹ̀ mo ń wá orúkọ ara mi, ó tó ìgbà díẹ̀ kí n tó rántí ẹ̀.”

Ọláníhún wo ọ̀nà ọ̀hún. Ó wo ẹrù rẹ̀. Ó mọ̀ pé òun kò ní rí i. Ó sì mọ̀ pé bí òun bá da abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo sílẹ̀ lórí òkè yìí, òun kò ní ru ẹrù ẹnikẹ́ni mọ́ láé. Ó tún fìlà dé, ó fi ìyẹ́ há a padà, ó kọjú sílé, ó sì gbé ìdajì àkọ́kọ́.

Àwẹ̀ró wọlé ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n. Ògúnṣeyè yọ òkúta márùn-ún, igbá ṣófo. Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé náà, ilé tó ti di tiwọn padà. Ó bu omi fún un. Kò bá a sọ̀rọ̀.

Oṣù lé, ó sì ti ń tóbi kí Ọláníhún tó yọ lọ́nà, ó gbé ìdajì dé, ó padà lọ gbé ìdajì. Gbogbo ìlú jáde. Wọ́n fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bí Ògúnṣeyè ṣe ń yọ òkúta tí nǹkan ń pé, òòyà pé, abẹ́rẹ́ pé, àgbọn tí kò fọ́ pé, ẹ̀rín náà kú lẹ́nu wọn. Òkúta kan ló kù. Ọláníhún ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ níwájú Ìyá Àwẹ̀ró, ó fi ọwọ́ méjèèjì na ìyẹ́ agbe náà sí i.

“Ìyá,” ni ó wí, “ẹ gba òkúta yín.”

Ògúnṣeyè yọ òkúta ìkẹyìn. Ìyá àgbà náà gba ìyẹ́, ó gbé e sókè sódò lọ́wọ́ bí ẹni ń wọn nǹkan. Lẹ́yìn náà ló rìn lọ bá ọmọ rẹ̀, tó ti dé ilé tí kò tíì rí ọ̀rọ̀ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. “Ọlọ́nà,” ni ó pè é, “o ti wà nílé báyìí. Ṣé o lè gbé e?” Àwẹ̀ró kúnlẹ̀, ó gbà á, ó fi há irun.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà, bí wọ́n bá rí ẹni tó ń di ẹrù ọ̀nà jíjìn, fi ń pa á lówe fún un pé: ìyẹ́ tí a kò kọ̀ lẹ́nu ibodè, òkúta ni yóò dà lórí òkè.