Ẹkún Akínlàjà Olóbì

Nígbà tí ogun tú, tí àwọn ọmọ ogun Ìpóyè padà sílé, àwọn tó lọ pọ̀ ju àwọn tó bọ̀ lọ. Akínlàjà wà lára àwọn tó bọ̀. Ọfà ti ba apá òsì rẹ̀ jẹ́, kò lè roko mọ́, ṣùgbọ́n ohun tó dùn ún ju apá lọ ni Ọ̀jẹ́túndé, ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó kú sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lójú ogun, tó sì fi ọmọbìnrin kékeré kan sílẹ̀ nílé. Àwọn ará ìlú fẹ́ fi Akínlàjà joyè, ó kọ̀. Ó ní bí òun bá jẹ oyè ogun, orí egungun àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ni òun yóò máa jókòó lé.

Obì ló fi bẹ̀rẹ̀ òwò. Ó di alájàpá, ó ń fi apá kan gbé agbọ̀n karí láti ọjà dé ọjà. Ọjà gbè é. Kò pẹ́ tí àwọn aláàárù fi ń tò lẹ́yìn rẹ̀, tí orúkọ Akínlàjà Olóbì fi kàn dé àwọn ìlú tí kò jagun dé rí. Síbẹ̀, bó bá ti ọjà dé, kò ní í tíì fomi kan ẹsẹ̀ tí yóò fi yà sí ilé àwọn opó ogun. Ó bo òrùlé fún eléyìí, ó gbẹ́ kànga fún tọ̀hún. Ó mú Ẹfúnyẹmí, ọmọ Ọ̀jẹ́túndé, sọ́dọ̀, ó tọ́ ọ dàgbà, ó sì fi í fọ́kọ. Àwọn kan ní ọlá ló ń pa á bí ọtí. Ọ̀ṣúnbùnmi, ìyàwó rẹ̀, nìkan ló mọ̀ pé bí ọkọ òun bá jẹun yó, kì í rí oorun sùn, àfi bí ẹni pé oúnjẹ àwọn tó kú ló jẹ.

Ewú ti gba orí Akínlàjà kí ìyàwó rẹ̀ tó bí ọmọ kan ṣoṣo, Ọ̀kánlàwọ́n. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ọ̀nà odò ni nígbà tí ibà mú un. Bàbá rẹ̀ wà lẹ́nu ọjà. Ìyá rẹ̀ rò pé ibà lásán ni, ó fún un lágbo, ó ń retí kó lọ. Nígbà tí ibà di gìrì, tí wọ́n sáré pe Ìyá Àrẹ̀mú, àgbà obìnrin tó mọ ewé àti egbò, ẹ̀mí ti bọ́ lára ọmọ. Ìyá Àrẹ̀mú mirí, ó ní ká ní wọ́n tètè pe òun ni. Akínlàjà ti gbọ́ ẹkún kó tó fojú kan ilé.

A kì í jẹ́ kí òbí rí sàréè ọmọ. Nítorí náà, àwọn ọ̀dọ́ ń gbẹ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé, àwọn àgbà sì mú Akínlàjà jókòó sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n yí i ká. Ẹni tí kò sunkún lójú ogun sunkún lọ́jọ́ náà débi pé àwọn tó wá tù ú nínú bá a sunkún. Bí ọkọ́ bá ti balẹ̀ lẹ́yìnkùlé, bẹ́ẹ̀ ni ó ń yíjú síbẹ̀.

Àwọn obìnrin ń wọlé, wọ́n ń kúnlẹ̀, wọ́n ń kọjá. Ẹfúnyẹmí náà wọlé, ó pọn ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn, ó sunkún àbúrò rẹ̀ tó lọ, ó dìde pé kí òun máa lọ. Omi kún gbogbo ojú, ẹnikẹ́ni kò wo ẹnì kejì. Akínlàjà gbójú sókè, omijé ṣì ń dà, ó sì rí i pé orí ọmọ ẹ̀yìn Ẹfúnyẹmí ti rọ̀ sápá kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń gbọ̀n lábẹ́ ọ̀já.

Ó ní, "Ẹfúnyẹmí, kí ló ṣe ọmọ yìí?"

Obìnrin náà kọ́kọ́ ní kò sí nǹkan. Ìgbà tí Akínlàjà ní kó wo ojú òun ló tó jẹ́wọ́ pé láti àná ni ara ọmọ ti ń gbóná. "Baba, báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé ọmọ tó ń mí wá síwájú yín, nígbà tí tiyín wà nílẹ̀?"

Akínlàjà dìde lórí ẹní. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà dì í mú, ó ní ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kì í dìde kí wọ́n tó bo ilẹ̀, kó fi ọ̀rọ̀ ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ fún ẹni tójú rẹ̀ gbẹ, kó sun ẹkún tirẹ̀.

"Mò ń sun ún," ni Akínlàjà dáhùn. "Ẹkún ló gba ojú mi, ojú mi kò fọ́."

Ó fi apá tó dára gba ọmọ náà, ó gbé e wọlé lọ bá Ìyá Àrẹ̀mú tó jókòó ti Ọ̀ṣúnbùnmi. Wọ́n gún ewé, wọ́n fún un sí i lẹ́nu, wọ́n fi ra á lára. Akínlàjà kò kúrò níbẹ̀. Ó di orí ọmọ náà mú, omijé rẹ̀ ń kán sí i láyà, kò nù ún. Ibẹ̀ ló wà tí ìró ọkọ́ fi dákẹ́ lẹ́yìnkùlé, ó sì mọ̀ pé wọ́n ti bo Ọ̀kánlàwọ́n. Kò dìde. Nígbà tó ṣe, ọmọ ọwọ́ rẹ̀ sín, ó sì ké.

Ọmọ Ẹfúnyẹmí yè. Akínlàjà àti Ọ̀ṣúnbùnmi kò bí òmíràn mọ́. Ó padà sẹ́nu òwò obì, ṣùgbọ́n àwọn aláàárù rẹ̀ a máa rí i lójú ọ̀nà tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀, síbẹ̀ yóò dá ọ̀kan nínú wọn dúró pé ẹrù rẹ̀ ti tẹ̀ sápá kan, kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí ọrùn má baà ro ó. Títí tó fi kú, kò sọ ọ́ rí pé ọgbẹ́ náà jinná. Èsì tó fún àgbà ìjọ́sí ni àwọn ará Ìpóyè fi ń gba ara wọn níyànjú bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ wọ́n, láti ibẹ̀ ló sì ti di òwe lẹ́nu àwọn àgbà títí dòní pé, bí a bá ń sunkún, à á máa ríran.