Epo Tó Sùn Nínú Ẹ̀rọ Àáró

Àgbẹ̀ mẹ́sàn-án ló jọ ń ṣe àáró ní abúlé Elérùú, ṣùgbọ́n ẹni mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ yìí kàn gbọ̀ngbọ̀n. Bàbá Ọ̀jẹ́dòkun ni olórí wọn. Ọmọlúàbí dé góńgó ni bàbá yìí; bí ó bá yá abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ, yóò kó òwú sí i lójú kí ó tó dá a padà. Sàlámì ni ìkejì. Ó mọ bí a ti ń tú alùpùpù palẹ̀, ó sì mọ bí a ti ń tò ó padà, nítorí náà ó ti fi ara rẹ̀ jẹ oyè Ẹnjiníà láìdúró de ẹni tí yóò fi í jẹ ẹ́. Ẹnì kẹta ni Àṣàkẹ́, ìyá Fọlárìn, opó Ládiípọ̀, tó bọ́ sí ipò ọkọ rẹ̀ nínú àáró lẹ́yìn ikú ọkọ náà. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni, kì í sì í gbàgbé ohun tí ojú rẹ̀ bá rí.

Àṣà kan wà ní Elérùú tí àlejò máa ń kọ́kọ́ fi rẹ́rìn-ín. Wọn kì í dá ohun tí wọ́n bá yá padà lófìfo. Bí o bá yá agbọ̀n aládùúgbò rẹ, iṣu kan yóò wà nínú rẹ̀ nígbà tí o bá ń dá a padà. Bí ó bá jẹ́ ìkòkò ni, ó kéré tán, wàá pọn omi kún un. Ẹni tó bá dá nǹkan padà lófìfo, ahun ni wọ́n ń pè é, orúkọ náà a sì máa tẹ̀ lé e dé ilé àwọn àna rẹ̀. Nígbà òjò èṣí ni ẹgbẹ́ àáró ra ẹ̀rọ atúlẹ̀ kékeré kan, èyí tí kò ga ju ewúrẹ́ lọ, tí a ń fa okùn ara rẹ̀ kí ó tó ké. Kò sí ẹni tí wọ́n ní láti sọ fún pé kí ó rọ epo bẹntiróòlù kún un dẹ́nu kí ó tó tì í fún ẹni tó kàn. Ojoojúmọ́ ni ẹ̀rọ ń ti oko kan bọ́ sí òmíràn, epo kì í sì í pẹ́ nínú rẹ̀.

Nígbà tí òjò dáwọ́ dúró, ọ̀dọ̀ Bàbá Ọ̀jẹ́dòkun ni ẹ̀rọ náà wà. Bàbá nù ún mọ́ tónítóní, ó rọ epo kún un, ó fi àpò bò ó sí ẹ̀yìn àká. Oṣù márùn-ún gbáko ló lò níbẹ̀.

Ti ẹ̀rọ nìyẹn. Ti Àṣàkẹ́ le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilẹ̀ àkùrọ̀ tí ọkọ rẹ̀ fi ọgbọ̀n ọdún ro kì í ṣe ti ìdílé wọn. Ilẹ̀ abúlé ni, baálẹ̀ ló ń pín in. Ẹni tó bá sì fi ọdún méjì sílẹ̀ láìdáko níbẹ̀, ọdún kẹta kò gbọdọ̀ bá ilẹ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún kan ni Ládiípọ̀ fi ṣàìsàn, ọdún kejì ni Àṣàkẹ́ fi ṣe opó. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, baálẹ̀ ránṣẹ́ pè é.

“Ìyá Fọlárìn,” ni baálẹ̀ wí, “gbogbo wa la mọ̀ pé akínkanjú àgbẹ̀ ni ọkọ rẹ. Ṣùgbọ́n ẹni mẹ́ta ló ti wá tọrọ ilẹ̀ yẹn lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ mẹ́jọ òní, mo ń bọ̀ wá wò ó. Bí mo bá bá a ní títú, tìrẹ ni. Bí mi ò bá bá a bẹ́ẹ̀, má bínú sí mi.”

Àṣàkẹ́ kò sunkún níbẹ̀. Ọmọ mẹ́ta ni ilẹ̀ náà ń bọ́, kò sì ní òmíràn. Ó lọ bá Bàbá Ọ̀jẹ́dòkun, àáró sì fohùn ṣọ̀kan pé òun ni yóò kọ́kọ́ lo ẹ̀rọ lọ́dún yìí. Wọ́n bá a ṣán koríko ibẹ̀, nígbà tó sì di ọjọ́ kẹta, wọ́n ti ẹ̀rọ dé etí oko.

Sàlámì ló kọ́kọ́ fa okùn. Ó ṣí ojú epo, ó ti ṣóòkì bí wọ́n ti kọ́ wọn lọ́jọ́ tí wọ́n rà á, ó fẹsẹ̀ tilẹ̀, ó fà á. Ẹ̀rọ wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Sàlámì fà á títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó. Àwọn yòókù gbà á lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n fà á tì. Wọ́n yọ púlọ́ọ̀gì, wọ́n nù ún, wọ́n dá a padà, pàbó ló já sí. Ẹnikẹ́ni tó bá sì dé ibẹ̀, yóò ṣí ìdérí táǹkì, yóò yọjú wò ó, yóò ní, “Epo kún inú ẹ̀ dẹ́nu. Epo kọ́.”

Ní ọjọ́ kẹrin, wọ́n tún fà á títí oòrùn fi kan àtàrí. Mẹ́káníìkì tí wọ́n ránṣẹ́ sí nílùú ní òun kò lè ráyè títí ọ̀sẹ̀ yóò fi yí po.

“Ẹ̀rọ tó ń ké ketekete lọ́wọ́ Bàbá lọ́dún tó kọjá,” ni Sàlámì wí, “ọwọ́ ìyá Fọlárìn ló dé tó di odi. Àbí òjò pa á lọ́dọ̀ yín ni?”

“Àná lẹ tì í dé ọ̀dọ̀ mi, Sàlámì. Ojú yín náà ló ṣe.”

“Mo kàn ń bèèrè ni.”

“Mo gbọ́.”

Ọ̀rọ̀ náà dun Àṣàkẹ́ wọra. Ó gbé ọkọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ro ilẹ̀. Àwọn kan bá a fi ọwọ́ kún un, ṣùgbọ́n oko tiwọn náà ń dúró dè wọ́n. Nígbà tí yóò fi di ìrọ̀lẹ́, igun kan péré ló ti tú, ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì ṣeé nà mọ́. Ó mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọkọ́ nìkan kò lè parí rẹ̀ lóṣù kan, áńbọ̀sìbọ́sí ọjọ́ mẹ́ta.

Ní àárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, ó jókòó ti ẹ̀rọ láti sinmi. Ó ṣí táǹkì bí gbogbo ènìyàn ti ń ṣe, ṣùgbọ́n àárẹ̀ kò jẹ́ kó nàró yọjú. Ìdí tó fi gbóòórùn rẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe òórùn epo tó mọ̀. Fáníìṣì ló ń rùn. Káfíńtà ni bàbá Àṣàkẹ́, òun ló sì ń bá a fi fáníìṣì pa àga nígbà tó wà ní ọ̀dọ́mọbìnrin. Ó mọ̀ pé fáníìṣì tí a bá gbàgbé sínú agolo fún ìgbà pípẹ́ a máa ki, a sì máa lẹ̀ mọ́ búrọ́ọ̀ṣì, bó ti wù kí agolo náà kún tó. Ó ronú pé bí epo yìí bá ti ki bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀rọ, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ni yóò ti dí.

Ìdùnnú rẹ̀ kò pẹ́. Ta ló rọ epo náà? Bàbá Ọ̀jẹ́dòkun ni. Ta ni yóò sọ fún àgbà pé oore rẹ̀ ló fún ẹ̀rọ lọ́rùn? Àṣàkẹ́ bu díẹ̀ nínú epo ẹ̀rọ sínú abọ́ kan, ó tọrọ epo tuntun díẹ̀ láti inú alùpùpù Sàlámì sínú abọ́ kejì, ó sì gba ilé bàbá lọ. Ó bá a lóun nìkan, ó kúnlẹ̀.

“Bàbá, ẹ dákun, ẹ bá mi gbóòórùn méjèèjì.”

Bàbá kọ́kọ́ gbóòórùn ti alùpùpù. “Epo nìyí.” Ó gbóòórùn ti inú abọ́ tó kù, ó fajú ro. “Kí lèyí? Ó tún pọ́n. Níbo lo ti rí i, Àṣàkẹ́?”

Àṣàkẹ́ ń wolẹ̀. “Inú ẹ̀rọ ni, Bàbá.”

Bàbá tún yọjú wo inú abọ́ náà. “Èyí tí mo rọ?”

“Inú rere lẹ fi rọ ọ́, Bàbá. Ẹ̀rọ ni kò mọ ọmọlúàbí.”

Bàbá Ọ̀jẹ́dòkun rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Lẹ́yìn náà ó gbé ọ̀pá rẹ̀. “Dìde, jàre. Jẹ́ ká lọ pe Sàlámì.”

Wọ́n da gbogbo epo náà nù. Sàlámì tú kàbúrétọ̀, wọ́n sì bá nǹkan pupa kan nínú rẹ̀ tó ń lẹ̀ bí oje igi, tó ti dí ihò kékeré tí epo ń gbà wọlé. Wọ́n fi epo tuntun fọ̀ ọ́, wọ́n fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan gún ihò náà títí ìmọ́lẹ̀ fi gba ibẹ̀ kọjá. Àṣàkẹ́ ní níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti tú u, kí wọ́n kúkú da ọ́ìlì rẹ̀ tó ti dúdú, kí wọ́n fi tuntun sí i, kí wọ́n sì gbọn eruku tó wà nínú asẹ́ tí ẹ̀rọ fi ń mí. Sàlámì ṣe gbogbo rẹ̀ láìjiyàn. Nígbà tó ń yí nọ́ọ̀tì ìkẹyìn le, ó ní, “Ìyá Fọlárìn, ẹ foríjì mí. Ẹnu mi ló yá jù.”

“Ó ti tán,” ni Àṣàkẹ́ wí. Òun fúnra rẹ̀ ló di okùn mú. Ó fà á lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rọ wúkọ́. Ó fà á lẹ́ẹ̀kejì, ó ké, kò sì dákẹ́ mọ́. Omi tó ti kọ̀ láti dà lójú rẹ̀ níwájú baálẹ̀ dà wàyí, ayọ̀ ló sì mú un dà.

Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi tú ilẹ̀ náà. Nígbà tí baálẹ̀ dé lọ́jọ́ kẹjọ, ó bẹ̀rẹ̀, ó bu erùpẹ̀, ó fọwọ́ ra á. “Ilẹ̀ yìí ti gba iṣẹ́,” ó ní. “Tìrẹ ni, ìyá Fọlárìn. Kò sí ẹni tí yóò tún bi ọ́ léèrè.” Ó wá kọjú sí àwọn ará àáró. “Mo gbọ́ pé ẹ̀rọ yín kọ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Ta ló bà á jẹ́?”

Bàbá Ọ̀jẹ́dòkun ló bọ́ síwájú.

“Èmi ni, baálẹ̀. Mo fún un lépo ní èṣí, mo wá fọkàn balẹ̀ pé oore mi ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Láti òní lọ, bí òjò bá ti dá, ẹni tí ẹ̀rọ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò da epo inú rẹ̀, yóò sì dá a padà ní gbígbẹ.”

“Lófìfo kẹ̀?” ni Sàlámì wí. “Ṣé wọn ò ní pè wá láhun báyìí, Bàbá?”

“Kí wọ́n máa pè wá. Ẹni tó bá fẹ́ ṣoore, kó gbé epo tuntun wá lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀.”

Àwọn ará Elérùú kò pẹ́ tí wọ́n fi gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn lẹ́nu. Wọ́n ń sọ ọ́ fún ọkọ tó ń fi oore ìgbà ìgbéyàwó gbọ́ bùkátà òní, wọ́n ń sọ ọ́ fún ọmọ tó ń fi ipò kìn-ín-ní ọdún tó kọjá sùn lójú ìwé. Ibẹ̀ ni òwe náà ti ṣẹ̀ wá, tí tọmọdé tàgbà fi ń sọ ọ́ títí dòní pé: epo èṣí kì í ta ẹ̀rọ ọdún yìí jí.