Òkè Àìsọrù: Bí Ìlú Ìdúródè Ṣe Di Ìlú

Ẹ̀yin ọmọ Ìdúródè, ọmọ arẹrù-má-sọ̀, ọmọ adúró-de-ará-ẹ̀yìn, kí ẹ tó jókòó, ẹ wẹ̀yìn wò ná. Ṣé gbogbo yín ló ti dé? Bí ó bá ku ẹnìkan, a ó dúró dè é, nítorí ìtàn yìí kì í ṣe èyí tí a ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ènìyàn wa ṣì wà lójú ọ̀nà.

Ó dára. Ẹ jókòó.

Ìrèdò ni àwọn baba wa ti ṣí wá. Nígbà tí ọba ibẹ̀ wàjà, àkọ́bí rẹ̀ gorí oyè, ìtẹ́ kò sì tíì gbóná lábẹ́ rẹ̀ tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá orí àwọn àbúrò rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àbúrò náà ni Adéwọyin Àkànó. Ọdẹ ni, akínkanjú sì ni. Àtọpa-ẹran-má-ṣìnà ni wọ́n ń kì í. Ẹ fi oríkì yẹn sọ́kàn, nítorí ọjọ́ ń bọ̀ tí yóò tì í lójú. Baba rẹ̀ ti fún un ní adé kékeré kan kí ó tó wàjà, ó ní ibi tí ó bá tẹ̀dó sí, kí ó fi jọba níbẹ̀. Adéwọyin gbé adé náà sínú àpótí, ó gbé àpótí karí, ó sì jáde ní Ìrèdò pẹ̀lú àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ìyá rẹ̀, Ìbíyẹmí Àyọ̀ká, wà pẹ̀lú wọn.

Bí àwọn ènìyàn náà ṣe pọ̀ tó ni èèwọ̀ ìrìn wọn ṣe pọ̀ tó. Ẹni tí kì í kúrò nílé láìfi nǹkan kan ẹnu wà níbẹ̀, ìbáà ṣe ẹyọ ẹ̀pà kan. Ẹnìkan wà tó jẹ́ pé bí ó bá fi ẹsẹ̀ òsì kọ, yóò jókòó ni, ó di ìgbà tí ara rẹ̀ bá tó balẹ̀. Òmíràn kì í jẹ́ ìpè nínú igbó àfi tí wọ́n bá pè é dé ẹ̀ẹ̀kẹta. Ọdẹ́rìndé, àgbà ọdẹ tí í ṣe igbákejì Adéwọyin, kì í mu omi odò kankan láìkọ́kọ́ ta díẹ̀ sílẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n tẹ̀ lé gbogbo rẹ̀, ẹnu ibodè Ìrèdò ni à bá ṣì wà títí di òní. Adéwọyin wá ní kí kálukú máa pa tirẹ̀ mọ́ lábẹ́lẹ̀, àmọ́ pé àwọn òfin kan wà tí yóò de gbogbo èrò.

Òun tí ó wà níwájú, bí ó bá ti dé oríta, yóò ṣẹ́ ẹ̀ka ewé tútù, yóò fi dí ọ̀nà tí wọn kò gbà, kí ẹni ẹ̀yìn má bàa ṣìnà. Arìnrìn-àjò gbogbo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń sá fún ọ̀tá kò lè fi ewé sílẹ̀ kí ọ̀tá wá rí i, nítorí náà Ìbíyẹmí ni yóò máa rìn kẹ́yìn, tí yóò máa kó ewé náà lọ sọ nù sínú igbó. Wọ́n sì fi ẹnu kò pé níbi tí wọ́n bá ti dúró, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ ẹrù orí rẹ̀ títí Ìbíyẹmí yóò fi dé. Wọ́n ní ẹni tó bá ti sọ ẹrù, ara ti tù ú, ẹni tí ara sì tù kì í rántí ẹni tó kù lọ́nà.

Òfin kan tún wà tó jẹ́ ti Adéwọyin nìkan. Ọmọ ọba Ìrèdò tó bá gbé adé jáde kò gbọ́dọ̀ wẹ̀yìn wò, kò sì gbọ́dọ̀ yí padà lójú ọ̀nà. Bí ó bá yí padà, adé kò ní í jókòó lórí rẹ̀ mọ́, kò sì ní í jókòó lórí ọmọ rẹ̀. Nítorí pé kò lè wẹ̀yìn wò, ẹnu ni ó fi ń béèrè. Bí wọ́n bá ti dúró, yóò ní, “Ta ló kù lẹ́yìn?” Bí Ọdẹ́rìndé bá ti rí Ìbíyẹmí, yóò dáhùn pé kò ku ẹnìkan. Ìgbà náà ni gbogbo èrò yóò tó sọ ẹrù.

Ní ààlà Ìrèdò, wọ́n bá Yèyé Olómi, arúgbó tí ń tọ́jú ìsun ibẹ̀, tí ó sì máa ń gbọ́ ohun tí etí ẹlòmíràn kì í gbọ́ nínú omi náà. Wọ́n kí i, wọ́n bi í léèrè ibi tí àwọn yóò tẹ̀dó sí. Yèyé kò wo ojú wọn, ẹrù orí wọn ni ó ń wò. Ó dẹ etí sí omi fún ìgbà pípẹ́, ó wá ní:

“Ibi tí ẹrù yín bá ti wúwo jù, tí ẹ kò sì sọ̀ ọ́, ibẹ̀ ni ilé yín.”

Kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí yé. Láti ọjọ́ náà, bí ẹrù bá ti wọ ẹnìkan lọ́rùn ni yóò máa sọ pé ibí gan-an ni ilé. Ọdẹ́rìndé ní bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni, àwọn ìbá ti tẹ ìlú ọ̀lẹ dó sí abẹ́ gbogbo igi tó ní ibòòji.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹ, àgbẹ̀ kan tí wọ́n pàdé ti kìlọ̀ fún wọn pé àwọn ẹlẹ́ṣin Ìrèdò ń béèrè wọn. Ẹ̀rù ba Adéwọyin, ó ń yára. Wọ́n dé oríta kan tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ àpáta, tí kì í gba ipa ẹsẹ̀. Ọ̀nà kan gun òkè, èkejì lọ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ó mú ti pẹ̀tẹ́lẹ̀, ó ṣẹ́ ewé, ó fi dí ti òkè. Bí ó ti fẹ́ gbé ẹsẹ̀, ó rí omi tó ń dán láàárín koríko níwájú, ó mọ̀ pé àbàtà ni. Ó bá mú ti òkè. Ó rékọjá lórí ewé tí òun fúnra rẹ̀ fi lélẹ̀, ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́ṣin, kò sì rántí gbé e kúrò. Gbogbo èrò rékọjá tẹ̀ lé e. Àwọn tó rí ewé náà rò pé ọmọọba mọ ohun tó ń ṣe. Bí a ṣe máa ń bá olórí ṣìnà nìyẹn.

Wọ́n dé orí òkè nígbà tí oòrùn ti ń rẹlẹ̀. Adéwọyin dúró, ó kọjú síwájú, ó béèrè ẹni tó kù lẹ́yìn. Ọdẹ́rìndé ní Ìbíyẹmí ló kù. Wọ́n dúró. Ó tún béèrè, ìdáhùn kò yàtọ̀. Ọrùn ń ro wọ́n, ọmọ ń sunkún lẹ́yìn ìyá rẹ̀, kò sì sí ẹni tó sọ ẹrù. Nígbà tí ó béèrè lẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ ewé náà sọ sí Adéwọyin lọ́kàn.

Àkókò náà gan-an ni obìnrin kan na ọwọ́ sí ìsàlẹ̀. Eruku ẹṣin ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán.

Ọdẹ́rìndé sún mọ́ ọn. Ó ní kí àwọn máa lọ, pé Ìbíyẹmí gbọ́n, yóò wá ibi sá sí, pé kò yẹ kí gbogbo èrò parun nítorí ẹnìkan. Adéwọyin jẹ́wọ́ fún un pé òun ni òun dí ọ̀nà tí àwọn gbà, pé àbúrò òun ti gba ọ̀nà àbàtà nítorí pé ó gbẹ́kẹ̀ lé òun. Àgbà ọdẹ ní:

“Ọmọọba, bí ẹ bá yí padà lójú ọ̀nà yìí, adé ti bọ́ lọ́wọ́ yín nìyẹn. Ó bọ́ lọ́wọ́ ọmọ yín pẹ̀lú.”

“Mo mọ̀. Kí ẹ ṣáà má sọ ẹrù.”

Adéwọyin yí padà, àpótí adé lórí rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti Ìrèdò, ó rí ojú àwọn tó ń tẹ̀ lé e. Ó gba àárín wọn kọjá, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ.

Bí ó ti dé ìtòsí oríta, ìró pátákò ẹṣin ti sún mọ́lé. Ó fara pamọ́ sínú igbó. Àwọn ẹlẹ́ṣin dé, wọ́n dúró. Olórí wọn wo orí àpáta, kò rí ipa ẹsẹ̀. Ó wo ewé tó wà lójú ọ̀nà òkè, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn ìsáǹsá náà ti fi ọwọ́ ara wọn júwe ara wọn, pé ọ̀nà tí wọ́n dí ni wọn kò gbà. Ó na ọ̀kọ̀ rẹ̀ sí ọ̀nà àbàtà.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ wo ibi tí ọ̀ràn dé. Ewé tó ṣi Ìbíyẹmí lọ́nà ló tún ń darí àwọn apànìyàn tọ̀ ọ́ lọ. Bí Adéwọyin bá kígbe, wọn yóò yíjú, wọn yóò gun òkè lọ bá àwọn ènìyàn tó rẹrù dúró, tí wọn kò lè sá. Bí ó bá dákẹ́, ọmọ ìyá rẹ̀ kú. Ó pẹ́ tí mo ti ń sọ ìtàn yìí, ibí yìí kò tíì rọ̀ mí lẹ́nu rí. Adéwọyin ti ń dìde láti kígbe.

Ìgbà náà ni ó rí ojú kan nínú igbó tó wà ní òdìkejì ọ̀nà. Ìbíyẹmí ni. Ó ti rìn díẹ̀ lọ́nà àbàtà láti wá ipa wọn kí ó tó padà wá kó ewé, ó bá òwú aláǹtakùn tó ta dí ọ̀nà, tí kò já. Ó mọ̀ pé ènìyàn kankan kò tíì gba ibẹ̀ kọjá lọ́jọ́ náà, ó sì ti padà kí ìró ẹṣin tó lé e wọ igbó. Ó fi ìka lé ètè. Àwọn ẹṣin ń kọjá láàárín àwọn méjèèjì, wọ́n ń wo ara wọn láàárín ẹsẹ̀ ẹṣin, kò sì sí èyí tó mira nínú wọn.

Nígbà tí ìró náà lọ tán, Adéwọyin sáré lọ síbi ewé, ó fẹ́ gbé e kúrò. Ìbíyẹmí di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi í sílẹ̀. Èyí nìkan ni mi ò ní í kó.”

Lẹ́yìn náà ni ó wá wo àpótí orí rẹ̀, ó wo òkè tí ó ti sọ̀ kalẹ̀ wá, ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe sì yé e. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Adéwọyin ní kí ó dákẹ́, kí ó bọ́ síwájú, pé òun ni yóò rìn kẹ́yìn.

Òjò ńlá dé. Ó fọ ipa ẹsẹ̀ gbogbo. Ní ọ̀nà àbàtà, ẹrẹ̀ mu àwọn ẹṣin dé ikùn, àwọn tó gùn wọ́n sì fi ẹsẹ̀ wá ọ̀nà mìíràn gbà padà sí Ìrèdò, wọ́n lọ sọ pé igbó ti gbé àwọn baba wa mì. Ṣùgbọ́n òjò yìí kan náà ló rọ̀ lé àwọn tó dúró lórí òkè. Aṣọ mu omi, ẹní mu omi, àgbàdo mu omi. Ẹrù tí wọ́n ti rù láti Ìrèdò kò wúwo tó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ bá ń gbọ̀n, ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ a fi ọwọ́ kan ti ìdí ẹrù rẹ̀ sókè. Ọdẹ́rìndé, òun tó ní kí wọ́n máa lọ, fi ọwọ́ kan di ẹrù tirẹ̀ mú, ó fi èkejì gbé ti obìnrin tó pọnmọ dúró. Kò sí ẹni tó sọ ẹrù.

Bí wọ́n ṣe wà nìyẹn tí Ìbíyẹmí fi yọ. Ẹni tó máa ń kẹ́yìn ló ṣíwájú dé. Ọdẹ́rìndé ló béèrè lọ́jọ́ náà, “Ta ló kù lẹ́yìn?” Adéwọyin dáhùn láti inú òjò:

“Èmi ni. Kò tún ku ẹnìkan mọ́.”

Ìbíyẹmí sọ ẹrù tirẹ̀, gbogbo èrò sì sọ ẹrù. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ Yèyé Olómi wá yé wọn, àwọn mìíràn jókòó sínú ẹrẹ̀, wọ́n ń sunkún ayọ̀. Wọn kò kúrò níbẹ̀ mọ́. Wọ́n pe òkè náà ní Òkè Àìsọrù, wọ́n pe ìlú ní Ìdúródè, wọ́n sì pe oríta ìsàlẹ̀ ní Oríta Ewé. Títí di òní, a kì í ṣẹ́ ẹ̀ka kan níbẹ̀.

Wọ́n bẹ Adéwọyin kí ó dé adé, wọ́n ní igbó kò ní ẹnu láti rojọ́. Ó kọ̀. Ó ní bí igbó kò bá rojọ́, inú òun yóò rò ó. Ó gbé adé lé Ìbíyẹmí lórí. Obìnrin ni ọba wa àkọ́kọ́, ìdílé rẹ̀ ló sì ń jọba. Ìdílé Adéwọyin ni ẹ ń pè ní Ilé Apadà. Àwa kì í dé adé. Àwa ni a máa ń padà lọ wá ẹni tí kò tíì dé.

Ọkọ̀ ni ẹ ń wọ̀ báyìí, ẹ ò rẹrù mọ́. Síbẹ̀, ẹ mọ bí àwọn èrò gáréèjì ṣe ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, pé kí ló dé tí àwọn ará Ìdúródè fi máa ń gbé báàgì dání lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, tí wọ́n ń wo ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá sì wọlé láti àjò, kí a tó kí yín káàbọ̀, a ó kọ́kọ́ bi yín pé ta ló kù lẹ́yìn.

Bí a bá fẹ́ fi ọba jẹ, yóò rẹrù dúró lórí Òkè Àìsọrù lójú gbogbo ìlú. Àgbà Ilé Apadà yóò máa ti Oríta Ewé gun òkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọrùn a máa ro ọba. Ó yẹ kí ó ro ó. Ọba yóò béèrè ẹni tó kù lẹ́yìn. Bí àgbà wa kò bá tíì dáhùn, kò gbọ́dọ̀ sọ ẹrù, kò sì gbọ́dọ̀ dé adé.

Èmi ni mo gun òkè náà fún ọba tó wà lórí oyè yìí. Orúnkún ń dùn mí, mo sì pẹ́ lọ́nà ju bó ti yẹ lọ. Mo gbójú sókè, mo rí i níbi tó dúró sí, ọrùn rẹ̀ ń gbọ̀n, tí ọmọ ẹni tó gba adé ń dúró de ọmọ ẹni tó fi í sílẹ̀. Omi bọ́ lójú mi. Ó béèrè. Mo ní èmi ni, kò tún ku ẹnìkan mọ́.