Ajá Tó Kọ Ìpè Ọdẹ

Ẹ̀yin ọmọ Hundsrast, ọmọ ajá-dùbúlẹ̀-ọba-dúró, àti ẹ̀yin ará abúlé mẹ́ta tó yí òkè ká, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ọba kan ní ilẹ̀ Jámánì ló tẹ ìlú yín dó. Ọdẹ ni.

Volkmar lorúkọ rẹ̀. Ọba Reinwald ló pàṣẹ pé kí gbogbo ọdẹ gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ ajá wọn, kí ajá má lè sáré lé ẹran mọ́, kí ẹran igbó lè jẹ́ tòun nìkan. Volkmar wo Greif, ajá rẹ̀, ó ní òun kò gé e. Kò fi òru bojú sá o. Ọ̀sán gangan ló kó Hiltrud ìyàwó rẹ̀ àtàwọn ará rẹ̀ jáde.

Nínú igbó, arúgbó aríran kan wí fún un pé: "Ọmọ mi, má fi ojú ara rẹ yan ilẹ̀. Ibi tí ajá rẹ bá ti kọ ìpè rẹ, ibẹ̀ ni kó o kọ́lé sí." Inú bí Volkmar, nítorí Greif kò kọ ìpè rẹ̀ rí.

Wọ́n rìn títí òjò dídì fi bẹ̀rẹ̀. Lórí òkè olókùúta kan, Greif dùbúlẹ̀. Volkmar fọn fèrè, ajá kò tilẹ̀ mira.

Àwọn èèyàn rẹ̀ ní, "Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ẹ fi í sílẹ̀, ká máa lọ."

Volkmar rántí ọ̀rọ̀ arúgbó aríran náà. Ó gbẹ́ ibi tí ajá sùn sí, omi tú jáde. Ajá kò gbọ́ fèrè, ìlú ló rí. Wọ́n kọ́ ààfin olódi síbẹ̀, wọ́n sì pe ibẹ̀ ní Hundsrast, ìyẹn ibi tí ajá ti sinmi.

Reinwald gbọ́, ó kó ọmọ ogun dé. Ó ní kí wọ́n mú ajá náà wá kí òun gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, òun yóò sì fi ìlú sílẹ̀ fún wọn. Àwọn kan ń kùn pé ajá lásán ni.

Hiltrud fi ìbínú dáhùn: "Ta ló fún yín lómi tẹ́ ẹ mu láàárọ̀ yìí? Bó bá gba ẹsẹ̀ ajá lónìí, ẹsẹ̀ ta ni yóò gbà lọ́la?"

Ojú tì wọ́n. Volkmar ṣí ilẹ̀kùn odi gbayawu. Greif rìn jáde, ó dùbúlẹ̀ sí àárín ẹnu ọ̀nà, gbogbo ìlú sì tò sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú àáké àti ọ̀kọ̀. Ọba gún ẹṣin ní kẹ́ṣẹ́, ẹṣin kọ̀, kò tẹ ajá mọ́lẹ̀. Ọba dúró nínú òtútù kí ajá dìde. Ajá kò dìde. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Reinwald ti yí padà.

Títí dòní, a kì í pe ajá, a kì í lé e kúrò lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Bó bá dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ìyàwó tuntun á dúró, pósí òkú á dúró. Lọ́dún tó kọjá, ajá kan dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ọ̀gá ìjọba kan sì ń fọn fèrè mọ́tò rẹ̀ mọ́ ọn kíkankíkan. Ìyá oníbúrẹ́dì kan gbé àga jáde fún un.

"Ẹ jókòó, ọ̀gá. Ọba pàápàá dúró."