Igi Apá Tí Wọ́n Ń Fọ Gbòǹgbò Rẹ̀

Ní abúlé Ìlóyè, wọn kì í sọ ìwọ́ ọmọ tuntun nù. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń rì í sí, wọ́n á gbin igi lé e lórí, igi náà á sì di ti ọmọ títí ayé. Agboolé gbẹ́nàgbẹ́nà ni Ìbíwùmí fẹ́ ọkọ sí, apá sì ni igi tiwọn, nítorí ikán kì í rí ilẹ̀kùn apá jẹ. Nígbà tí ó bí Ọnàjídé, àkọ́bí rẹ̀, Ẹfúnyẹmí ìyá ọkọ rẹ̀ lọ hú ọmọ igi apá kan nínú igbó, ó gbìn ín sórí ìwọ́ náà. Kí oṣù tó parí, igi ti kú.

Wọ́n gbin èkejì, òun náà rọ. Ẹ̀kẹta pọ́n lẹ́wé, ó wọ́wé tán pátápátá. Omi kò wọ́n, ewúrẹ́ kò dé ibẹ̀, kòkòrò kò sì jẹ ẹ́. Ibi tí wọ́n ti ń ronú èyí ni ara ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni igi yìí ń wí?” ni Ìbíwùmí bi í.

“Ó rú mi lójú, ìyàwó mi. Ṣùgbọ́n ọmọ tí igi rẹ̀ bá kọ̀ tí kò dúró...” Ẹfúnyẹmí kò parí ọ̀rọ̀ náà. Ìbíwùmí ló bá a parí rẹ̀ nínú ọkàn, ẹ̀rù sì bà á débi pé ó ń fi etí lé àyà ọmọ náà nígbà mẹ́wàá lóòjọ́.

Ẹ má tíì bá ìyá àgbà wí. Onímọ̀ọ́tótó ni, àfi pé tirẹ̀ ti lékè. Ẹni tó ń fọ igi ìdáná kó tó dáná. Gbogbo ọmọ igi tó bá hú, odò ló ń gbé e lọ, á fọ gbòǹgbò rẹ̀ títí yóò fi mọ́ tónítóní. Fọ́nrán funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan máa ń lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò náà. Ó mọ̀ pé ti olú ni, nítorí olú kún abẹ́ àwọn apá ńlá inú igbó.

“Ara òkú igi ni olú ti ń hù,” ni ó máa ń wí. “N ò ní gbé ohun òkú sórí ìwọ́ ọmọ ọmọ mi.”

Nígbà tó di ẹ̀kẹrin, orúnkún ìyá àgbà wú, Ìbíwùmí ló lọ sígbó pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ara ọmọ ń jó o lẹ́yìn, kò ráyè odò. Ó hú igi náà tòun ti erùpẹ̀, ó fi ìborùn dì í. Kó tó délé, erùpẹ̀ ìhà kan gbòǹgbò náà ti ya dànù. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe gbìn ín.

Lẹ́yìn òjò bíi mélòó kan, Ẹfúnyẹmí tiro dé ẹ̀yìnkùlé, ó rí olú kékeré kan nídìí igi.

“Olú! Lórí ìwọ́ ọmọ wa!” Ó fa ọkọ́ yọ.

Ìbíwùmí kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. “Ìyá, ẹ wo ewé rẹ̀ ná! Ó ń rúwé!”

Lóòótọ́ ni. Ìyá àgbà wá rọra wa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wò. Níhà tí erùpẹ̀ ti ya, gbòǹgbò gbọọrọ kan ṣoṣo ló wà. Níhà tí fọ́nrán olú wà, gbòǹgbò ti pẹ̀ka yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Àwọn tí kò tíì kan fọ́nrán náà pàápàá ti ṣẹ́rí, wọ́n ń yọ ẹ̀ka lọ bá a.

“Ta ló pè wọ́n?” ni Ìbíwùmí wí. “Ẹnu wo ló fi pè wọ́n?”

Ohun tí olú fi ránṣẹ́ nínú ilẹ̀, ojú kò rí i. Ọbẹ̀ tó ń ta sánsán náà kì í pariwo kí ebi tó gbọ́. Ibà ti fi ọmọ sílẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta. Bóyá igi ló ṣe é, bóyá àgbo tí wọ́n ń fún un mu ni, èmi ò lè búra.

Ọkọ́ bọ́ lọ́wọ́ ìyá àgbà. “Èmi ni,” ni ó wí, omijé ń dà lójú rẹ̀. “Mẹ́ta ni mo fi ọwọ́ ara mi fọ̀ pa.” Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì wọ́ erùpẹ̀ ẹlẹ́gbin náà bo gbòǹgbò, ó ń bẹ igi náà bí ẹni ń bẹ ènìyàn. Ohun tó sọ fún ìyàwó rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ lọ́jọ́ náà ni àwọn àgbà gbà lẹ́nu rẹ̀, tí wọ́n fi ń pa á lówe títí dòní pé: igi kan kì í dá igbó ṣe.