Ọ̀ọ́dúnrún Àwòrán Láìsí Oríkì

Ọdún méjìdínlógún ni Ọmọ́lẹ́yẹ ará Ìkìrun fi ya àwòrán àwọn ìyá àgbà. Bó bá ti ya ẹnì kan tán, yóò ní kí ìyá náà sọ oríkì ara rẹ̀, yóò sì kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán náà lórí ìkànnì kan tí àwọn ayàwòrán ń pàtẹ iṣẹ́ wọn sí. Ọ̀ọ́dúnrún ni wọ́n. Púpọ̀ nínú àwọn ìyá náà ti kú, kò sì kọ oríkì wọn síbòmíràn. Àṣìṣe gbáà nìyẹn, àmọ́ ta ló rò pé ìkànnì lè kú?

Lọ́jọ́ Ajé kan, ìkànnì náà kéde pé àwọn máa kógbá sílé lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì. Àbúrò rẹ̀, Gbádébọ̀, ní kó fọkàn balẹ̀. Ó ní irinṣẹ́ kan wà lórí kọ̀ǹpútà tí kò ní bọ́tìnnì. Èèyàn á kàn tẹ àṣẹ sí i ní ìlà kan, yóò sì kó àwòrán láti ìkànnì kan lọ sí òmíràn. Láàárọ̀ Ọjọ́rú, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, gbogbo wọn ti délé tuntun."

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Ìyá Àsàmú wá, tó fẹ́ rí àwòrán ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti kú. Ọmọ́lẹ́yẹ gbé fóònù sí i lójú.

"Ojú mi ò ríran dáadáa mọ́, ọmọ mi. Ka oríkì rẹ̀ sí mi létí, kí n mọ̀ pé òun ni."

Nọ́ńbà nìkan ló wà lábẹ́ àwòrán. Àwòrán nìkan ni Gbádébọ̀ ní kí irinṣẹ́ kó, àwòrán nìkan ló sì kó. Ọmọ́lẹ́yẹ pe Gbádébọ̀.

"Pa gbogbo èyí tó o kó rẹ́. A ó bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun."

"Ọjọ́ méjì ló kù, ẹ̀gbọ́n mi. Bí a bá sì kánjú kó púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìkànnì yẹn á tìlẹ̀kùn mọ́ wa. Ṣé àwòrán ò tó ni?"

"Kò tó. Kọ́ mi, èmi fúnra mi ni màá tẹ̀ ẹ́."

Ó kọ́ ọ. Ọmọ́lẹ́yẹ fi oríkì kún àṣẹ náà, ó sì ń kó wọn ní mẹ́wàá mẹ́wàá, ó ń ka mẹ́wàá kọ̀ọ̀kan kó tó kó òmíràn. Ìkànnì náà lé e síta lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ló padà wọlé. Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kù fẹ́ẹ́rẹ́ nígbà tí èyí tó kẹ́yìn dé.

Ó gba ilé Ìyá Àsàmú lọ, ó ka oríkì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí i létí: "Àjíkẹ́, ọmọ aláró tí ọwọ́ rẹ̀ kì í funfun."

Ìyá náà bú sẹ́kún, ó fi ẹnu ara rẹ̀ ki ìyókù. Ó ní, "Òun nìyí. Ẹni tó o gbé sí mi lójú níjọ́sí, n ò mọ̀ ọ́n rí."

Ibẹ̀ ni àwọn ayàwòrán ti mú un, tí wọ́n fi ń pa á lówe pé: ẹni tó gbé ọmọ tí kò gbé oríkì rẹ̀, àlejò ló gbé wálé.