Ọwọ́ Tó Ń Rùn Bí Ẹ̀tù

Àlọ́ rèé o.

Ẹ ní kó máa bọ̀.

Àlọ́ mi rìn títí, kò yà sílé ọba, kò yà sọ́jà. Ó yà sọ́dọ̀ Àwẹ̀ró, ó yà sọ́dọ̀ ọmọ ehoro rẹ̀, ó yà sọ́dọ̀ Ọdẹ́jìnmí ọdẹ, àbúrò ọkọ Àwẹ̀ró.

Wọ́n fọ́ ọmọ ehoro Àwẹ̀ró lójú. Inú ilé ọkọ rẹ̀ ni wọ́n ti fọ́ ọ. Ẹni tó fọ́ ọ mọ ara rẹ̀. Àwọn tó rí i mọ ara wọn. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí.

Ọdẹ́jìnmí ló yìnbọn pa ìyá ehoro náà. Ó bá ọmọ kan nínú ihò, kò tó àtẹ́lẹwọ́. Ó jù ú sórí ààtàn. Àwẹ̀ró lọ da ilẹ̀ nù, ó rí i pé ó ń mí. Ó gbé e sínú agbọ̀n. Ọkọ rẹ̀ ti wà lóko ẹgàn láti ìgbà òjò, ilé dá. Ló bá di pé òun àti ehoro jọ ń sọ̀rọ̀.

Ojú ọ̀tún ehoro là. Ojú òsì kò là. Ó wú, ipin lẹ̀ ẹ́ pọ̀ pinpin.

"Ìyá, mi ò rí yín ní apá ibí."

"Wàá rí mi."

"Ìgbà wo?"

"Dúró jẹ́ẹ́, jẹ́ kí n nù ún ná."

Obìnrin yìí kò kọ́ iṣẹ́ ìwòsàn lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ó kàn wo ojú náà dáadáa ni. Ó rí i pé koríko gbígbẹ inú agbọ̀n ló ń gún un. Ó kó koríko dànù, ó tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó pọn omi odò tó mọ́, ó gbé e kaná, ó jẹ́ kó lọ́wọ́ọ́wọ́, ó fi iyọ̀ tíńtín sí i. Ó ya etí ìró rẹ̀ tó ti gbó, tó rọ̀. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, ó ń nù ún, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Ojú òsì, là kí o rí mi.
*Wẹ́rẹ́ wẹ́rẹ́.*
Omi yìí kò ní ta ọ́.
*Wẹ́rẹ́ wẹ́rẹ́.*

Ní ọjọ́ kẹfà, ojú náà là díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ṣí ilẹ̀kùn yọjú.

"Ìyá, mo rí nǹkan pupa."

"Ìró mi ni."

Inú Àwẹ̀ró dùn, ó sọ fún gbogbo agboolé. Ibẹ̀ ló ti ṣì í. Ọdẹ́jìnmí wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti pa ìyá ehoro, kò tíì rí ẹran mìíràn pa.

Ó ní, "Ìyàwó wa, àkísà tí o fi ń nu ipin yẹn, kí lò ń fi ṣe?"

"Mò ń sun ún, ọkọ mi."

Ọkọ mi ni Àwẹ̀ró ń pè é. Ìyàwó kì í dárúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ, ìbáà jẹ́ àbúrò ọkọ.

"O mọ̀ pé ẹni tó bá fi ipin ojú ajá sójú ara rẹ̀ máa rí iwin?"

"Mo ti gbọ́ ọ rí."

"Ta ló ń wá iwin? Iwin ò ṣe é sè. Ehoro ló ń rí ohun tó ń bọ̀ kó tó dé. Fún mi ní àkísà ọ̀la."

"Ipin ọmọ mi kọ́, ọkọ mi."

Ó rẹ́rìn-ín. Àwẹ̀ró náà rẹ́rìn-ín, nítorí ilé ọkọ ni.

Ilẹ̀ mọ́, ó lọ sódò. Nígbà tó dé, ehoro ń gbọ̀n nínú agbọ̀n. Ẹ̀jẹ̀ wà lórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀.

"Ìyá, ọwọ́ kan wá."

"Ọwọ́ ta ni?"

"Mi ò mọ̀. Ó fi àtàǹpàkò bo ojú tó ń ríran, ó fún èkejì."

"Kò sọ̀rọ̀?"

"Ó ń mí ni. Ó ń rùn bí ìyá mi ṣe rùn lọ́jọ́ tó kú."

Àwẹ̀ró gbóòórùn agbọ̀n. Ẹ̀tù ìbọn ni.

Ó bi Àkùkọ lórí òrùlé. "Ìwọ lo máa ń kọ́kọ́ jí. Ta ló wá síbí?"

Àkùkọ ní, "Èmi? Ọ̀fun ń dùn mí. Mi ò gbójú sókè láti àná."

Ilẹ̀ tún mọ́. Ó lọ sódò, ó sáré dé. Ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ sí i. Ó bi Ewúrẹ́ lẹ́sẹ̀ òpó.

Ewúrẹ́ ń jẹ èèpo iṣu. Ó ní, "Ìyá Ehoro, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fà mí sọ́rọ̀. Ọbẹ̀ ni wọ́n ń fi irú mi sè nínú ilé yìí."

Ilẹ̀ mọ́ nígbà kẹta. Àwẹ̀ró fẹ́ gbé ehoro dání lọ sódò, àmọ́ àṣá ń rà bàbà lókè. Ó gbé e sínú ìkòkò, ó fi awo dé e díẹ̀. Ó ní, "Ológbò, bá mi wo ìkòkò yìí. Mo ń bọ̀ báyìí."

Kò pẹ́ lódò. Omi ń dà sí i lára bó ṣe ń sáré. Nígbà tó dé, awo ti ṣubú. Ológbò ń lá ètè.

"Kí lo jẹ?"

"Orí ẹja."

"Ta ló fún ọ?"

"Orí ẹja kò sọ orúkọ fún mi."

Ehoro wà nísàlẹ̀ ìkòkò. Ó gbójú sókè. Ojú òsì ti ṣófo.

"Ìyá, ṣé ẹ paná ni?"

"Mi ò pa á."

"Ó ti ṣókùnkùn ní apá ibí."

Àwẹ̀ró kò kọrin lọ́jọ́ náà.

Ọ̀sán gangan ni Ọdẹ́jìnmí fi sáré wọlé láti inú igbó. Kò mú ìbọn bọ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n, ipin ehoro gbẹ mọ́ ọn, kò sì ṣẹ́jú. Ó rí Àkùkọ, ó fẹ̀yìn ti ọgbà.

"Ẹ wo eyín rẹ̀."

"Àkùkọ ni, ọkọ mi."

"Ó ní eyín." Ó wo Ológbò, ó wo Ewúrẹ́ pàápàá, ó ń gbọ̀n. Ó wo òkè, ó fọwọ́ bo orí. "Èékánná ló kún ojú ọ̀run."

"Kí ló lé yín délé?"

"Ọkùnrin kan ń bọ̀ lẹ́yìn mi. Ó wọ gbérí, ẹ̀wù ọdẹ mi. Ó gbé ìbọn mi. Àwẹ̀ró, ó jọ mí."

Àwẹ̀ró wo ọ̀nà. Oòrùn ń ràn lórí rẹ̀, kò sí ẹnì kankan. Ìgbà tó fi máa yíjú, ọdẹ ti rá wọ inú kòtò tí wọ́n ti gbẹ́ amọ̀ ilé, ó káwọ́ kẹ́sẹ̀ jọ. Ojú ehoro ló fi wo ayé. Ó rí gbogbo ohun tó fẹ́ jẹ ehoro, òun fúnra rẹ̀ ló sì tóbi jù nínú wọn.

Àwẹ̀ró na àkísà sí ọmọ rẹ̀ kó nu ojú tó kù. Ehoro yí orí kúrò. Ó lá ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì, ó fi nu ojú, ó tún lá a, ó tún nù ún. Ìdí nìyẹn tí ehoro fi ń nu ojú fúnra rẹ̀ títí di òní. Bó bá jí, á nù ún. Bó bá jẹun, á nù ún. Kò fẹ́ kí ọwọ́ kankan bá ipin níbẹ̀. Bí ẹ bá sì na ọwọ́ sí i, ọwọ́ rere ni o, ọwọ́ burúkú ni o, imú rẹ̀ á máa gbọ̀n. Ó ń gbóòórùn bóyá ẹ̀tù wà níbẹ̀.

Àwọn ará ilé pé sétí kòtò. Ìyá ọkọ Àwẹ̀ró ní, "Ìyàwó, fi í sílẹ̀. Ẹran lásán ni."

Àwẹ̀ró gbé ehoro sáyà. Kò pe ẹnikẹ́ni ní ọkọ mi.

Ó ní, "Ọdẹ́jìnmí."

Ìyàwó kan kò pe orúkọ yẹn rí.

"Ọdẹ́jìnmí, mò ń pọnmi, ìwọ ń fún ojú ọmọ mi. Àkùkọ rí i. Ewúrẹ́ rí i. Ológbò gba orí ẹja. Ojú kan ló kù fún ọmọ mi. Kí ló ṣe fún ọ? Mi ò kúrò níbí. Ọdẹ́jìnmí, dá mi lóhùn."